Kóòtù Aláwọ̀ Ewé Méjì

Obìnrin òyìnbó àkọ́kọ́ tí mo rí ládùúgbò wa ní Lọ́ńdọ̀nù so ìborùn mọ́ abẹ́ àgbọ̀n, mo sì rò pé eyín ló ń dùn ún. Nílé wa ní Ìgbó-Ọrà, ẹni tó bá gba aṣọ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ báyẹn, ewé tí yóò fi yọ ẹnu ni wọn ń wá fún un. Mo bá fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi, mo ṣe ojú àánú sí i. Ìyá náà wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó kọjá lọ. Kí n tó dé ìkángun òpópónà, mo ti rí mẹ́rin mìíràn, ó sì yé mi pé gèlè tiwọn nìyẹn.

Ojú mi kì í sinmi láyé ìgbà yẹn. Ọkọ mi, Lásísì, tó ti ṣáájú mi lọ kọ́ iṣẹ́ ìwọnlẹ̀, máa ń sọ pé bí wọ́n bá ń sanwó fún ẹni tó ń wòran, àwa ni ì bá lówó jù ní gbogbo àdúgbò. Ohun tí mo sì ń wò jù ni aṣọ. Ìdí wà tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Ìbejì ni mí. Èmi ni Kẹ́hìndé, Táyé ni ìkejì mi, obìnrin ni àwa méjèèjì. Ọ̀rọ̀ aṣọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún ìbejì ní ìlú wa.

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa, ìyá wa kò ra aṣọ kan rí tí kò sọ ọ́ di méjì. Bí owó ọwọ́ rẹ̀ bá tó bùbá kan, àwa méjèèjì ni yóò dúró títí yóò fi tó méjì. Nígbà kan tí a wà ní ọmọ bí ọdún méje, àbúrò bàbá wa kan ti Ayétẹ̀ bọ̀, ó mú ìborùn pupa kan lọ́wọ́, ó fi fún Táyé nítorí pé Táyé ló kọ́kọ́ sáré pàdé rẹ̀. Ìyá wa gba ìborùn náà lọ́rùn ọmọ, ó fi eyín gé e létí, ó fà á ya sí méjì lójú ẹni tó rà á.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá Sàlámì. A kì í fún ọ̀kan kí á má fún èkejì. Èyí tí wọn kò bá fún yóò bínú, ara rẹ̀ ló sì máa ń bínú sí."

Ìyá wa kò ṣeré. Ó ní ojú òun ló ṣe ní Ìdèrè, nílé ẹ̀gbọ́n òun: aṣọ ọdún kan ṣoṣo ni wọ́n dá fún ìbejì, nígbà tí ọdún yóò fi tún yípo, ọmọ kan ṣoṣo ló kù tí wọn yóò dá aṣọ fún. Bí èmi àti Táyé ṣe dàgbà nìyẹn, aṣọ kan náà lára wa láti orí títí dé ẹsẹ̀. Ìyá Ìbejì ni gbogbo ayé ń pè é. Tí ẹ bá ti rí àwa méjèèjì pọ̀, ẹ kò ní béèrè ìdí.

Wọ́n ní Kẹ́hìndé ló ń rán Táyé ṣáájú kó lọ tọ́ ayé wò. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo ṣáájú. Òmìnira kò tíì pẹ́, ogun abẹ́lé kò sì tíì dé. Ìyá wa ra àdìrẹ kan náà fún wa, èmi wọ tèmi, Táyé wọ tirẹ̀, ó sìn mí dé ibi tí mo ti wọ ọkọ̀. Kò sunkún. Ó di ọwọ́ mi mú láti ojú fèrèsé ọkọ̀, ó ní, "Ohunkóhun tí o bá ń wọ̀ níbẹ̀, máa kọ ọ́ sí mi. Kí n lè máa rí ọ."

Mo ní mo gbọ́.

*

Àdìrẹ yẹn ni mo wọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé tí Lásísì gba yàrá sí, pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀. Atẹ́gùn kan ń fẹ́ tó dà bí ẹni pé kò mọ̀ pé mo wọ aṣọ rárá. Ìyá onílé, opó kan tí irun rẹ̀ ti funfun, ṣí ilẹ̀kùn, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi, ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó fa kóòtù ọkọ rẹ̀ tó ti kú yọ, ó sì fi bò mí. Mo kúnlẹ̀ kí n dúpẹ́. Ó rò pé mo ṣubú. Ó gbá mi mú lábíyá, ó ń fà mí dìde, èmi náà ń gbìyànjú láti kúnlẹ̀ dáadáa, Lásísì dúró lẹ́yìn wa pẹ̀lú àpótí lórí, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ yìí dà mí láàmú fún ìgbà díẹ̀. Mo rí iṣẹ́ sí ilé ìfọṣọ kan, iṣẹ́ aṣọ lílọ̀, wọ́n sì ní kí n wọ síkẹ́ẹ̀tì. Síkẹ́ẹ̀tì náà fún mọ́ orúnkún. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí ọ̀gá wa obìnrin, mo gbàgbé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀, aṣọ dún lẹ́yìn mi, ó ya dé ibi tí kò yẹ kó ya dé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kí àgbà ní ìdúró. Ojú tì mí fún ara mi lọ́pọ̀ ọjọ́, bí ẹni pé àwọn ará ilé wa ń wò mí láti ibi kan. Ẹni tó bá wọ ìró lè kúnlẹ̀, ó lè jókòó sórí ẹní, ó lè pọn ọmọ. Ẹni tó wọ síkẹ́ẹ̀tì kò lè ṣe ju kó dúró tàbí kó jókòó sórí àga lọ. Mo wá ronú pé bóyá ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi kúnlẹ̀ kí ara wọn. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Lásísì. Ó ní àwọn ọkùnrin wọn ńkọ́, tí ṣòkòtò wọn gba ìdọ̀bálẹ̀?

Nídìí áyọ́ọ̀nù ni mo ti mọ àwọn èèyàn náà. Nílé, bí mo bá rí aṣọ lára rẹ, mo mọ̀ bóyá oko lo ń lọ tàbí ìkómọ, mo mọ̀ bóyá ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ọ́. Níbẹ̀, ojú ọjọ́ ni aṣọ ń sọ. Ẹ̀ẹ̀rùn ní tirẹ̀, òtútù ní tirẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ní aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ sùn nìkan, tí wọ́n tún ń lọ̀. Àwọn àgbà obìnrin wọn ń wọ àwọ̀ eérú àti àwọ̀ ilẹ̀, àwọn ọmọge wọn ló ń wọ pupa àti yẹ́lò, ní gígùn tí kò ju ti ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Nílé wa, bí obìnrin bá ṣe ń dàgbà ni aṣọ rẹ̀ ń tàn sí i. N kò sọ pé èyí dára ju ìyẹn lọ. Mo kàn ń wò ó, mo ń lọ̀ ọ́, mo sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sí Táyé: ìbọ̀wọ́, ìbọ̀sẹ̀ gígùn, síkẹ́ẹ̀tì, súwẹ́tà. Táyé a mú lẹ́tà mi lọ fún télọ̀ lọ́nà Ìdèrè, wọn a ran síkẹ́ẹ̀tì kan náà, Táyé a sì wọ̀ ọ́ lórí ìró kí bàbá wa má baà bínú.

Ohun kan ṣoṣo ni n kò kọ.

Nígbà tí òtútù le gan-an, Lásísì mú mi lọ ra kóòtù. Ó nípọn, aláwọ̀ ewé ni, bọ́tìnnì rẹ̀ tóbi, ó gùn dé ìsàlẹ̀ orúnkún mi. Ọjọ́ yẹn ni ara mi kọ́kọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti ìgbà tí mo ti dé. Mo dúró níwájú dígí, mo rí ara mi ní èmi nìkan, pẹ̀lú aṣọ tí ẹlòmíràn kò ní. Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi. Ìgbà tí mo jókòó kọ lẹ́tà, mo kọ nípa yìnyín, mo kọ nípa búrẹ́dì wọn, mo fo kóòtù. Mo sọ fún ara mi pé télọ̀ wa kò lè ran irú rẹ̀, pé oòrùn wa kò sì gbà á. Òótọ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí tí mo fi fò ó nìyẹn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà dé láti ilé. Kì í ṣe Táyé ló kọ ọ́. Tíṣà kan ládùúgbò ni ìyá wa bẹ̀. Ó kúrú.

"Táyé ń ṣàárẹ̀. Ibà kò fi í sílẹ̀, kò jẹun. Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́: kí lo fi bora tí ìkejì rẹ kò ní?"

Mo ka lẹ́tà náà ní ìdúró, kóòtù ṣì wà lọ́rùn mi. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé pé mo ra nǹkan, ibi tí ìyá wa jókòó sí lọ́hùn-ún ló ti rí i. Lásísì ní ibà ni ibà, pé ta ni kì í ní ibà ní Ìgbó-Ọrà? Mo ní, "Ẹ̀yin kì í ṣe ìbejì." Mo bọ́ kóòtù náà, mo gbé e kọ́, n kò wọ̀ ọ́ mọ́. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú súwẹ́tà mẹ́ta lórí ara wọn.

Nígbà tó di Sátidé, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù náà. Wọ́n ní aláwọ̀ ewé ti tán, pé aláwọ̀ ojú ọ̀run wà. Mo ní rárá, aláwọ̀ ewé ni. Mo kiri ṣọ́ọ̀bù títí dé ìrọ̀lẹ́, ìkarùn-ún ni mo ti rí i, ọ̀kan péré ló kù. Ọmọbìnrin tó ń tà á wò mí pẹ̀lú èkejì rẹ̀ tí mo gbé sápá.

Ó ní, "Irú rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ yín yẹn."

Mo ní, "Ti ìkejì mi ni èyí."

"Níbo ló ń gbé?"

"Nàìjíríà."

Ó ronú sí i. "Ṣé òtútù máa ń mú níbẹ̀?"

"Rárá."

Ó dì í fún mi, kò béèrè mọ́, ṣùgbọ́n mo rí i láti ìta pé ó pe ẹnìkejì rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń wò mí láti ojú dígí.

*

Ọ̀rẹ́ Lásísì kan tó ń padà sílé ló bá wa mú un lọ. Lẹ́yìn oṣù méjì, ọwọ́ Táyé fúnra rẹ̀ ló kọ lẹ́tà tó dé. Ó ní ó ti lé ní oṣù kan tí ara òun ti yá. Ó ní gbogbo agboolé ló ti wọ kóòtù náà wò, pé bàbá wa wọ̀ ọ́, kò sì fẹ́ bọ́ ọ. Bàbá Sàlámì tó ń ṣọdẹ fẹ́ fi ẹsẹ̀ ìgalà méjì rà á kó lè máa wọ̀ ọ́ ṣọdẹ nígbà ọyẹ́. Òun kò tà á. Ó ní, "Mo wọ̀ ọ́ jókòó sínú yàrá ní ọ̀sán, mo ti ilẹ̀kùn. Òógùn bò mí. Mo wá mọ bí ó ṣe ń ṣe ọ́, àmọ́ òdì kejì rẹ̀ ni."

Lásísì ka lẹ́tà náà, ó wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí rẹ̀, ó ṣírò rẹ̀. Ó ní ibà náà ti lọ kí kóòtù tó kọjá òkun. Mo kọ ìyẹn sí ìyá wa pẹ̀lú ẹ̀rín. Èsì rẹ̀ dé: "Ara ọmọ ti mọ̀ pé ó ń bọ̀."

N kò mọ èyí tí mo gbà gbọ́ nínú méjèèjì. Títí di òní, n kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ọjọ́ náà, kóòtù mi bẹ̀rẹ̀ sí í móoru gan-an.

Wọ́n ní èèyàn laṣọ ẹni. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìhòòhò ni mo wà ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn. Mo lè lọ láti àárọ̀ Mọ́ńdè dé alẹ́ Fúráìdè kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ mi yàtọ̀ sí Lásísì. Ìgbà tí mo bí Wàsíù ni nǹkan yí padà díẹ̀. Mo fi ìró àdìrẹ pọ̀n ọ́n, mo wọ kóòtù bo àwa méjèèjì, mo lọ dúró de bọ́ọ̀sì. Obìnrin kan rí orí kékeré tó yọ ní ọrùn kóòtù mi, ó ké, ó na ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìdí mi bí ẹni tó fẹ́ gba ẹyin tó ń já bọ́. Mo ní kò lè já. Ó ní kí ló dì í mú? Mo tú kóòtù, mo fi ìró hàn án, bí mo ṣe ká etí rẹ̀ sínú. Ó fọwọ́ fà á wò. Kò sí bọ́tìnnì, kò sí okùn. Láti ọjọ́ náà, tí a bá pàdé níbi bọ́ọ̀sì, ó máa ń béèrè ọmọ. Mo ka ìyẹn sí ìṣẹ́gun.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbóhùn Táyé ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Àbúrò Lásísì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan n'Íbàdàn, ọ̀gá rẹ̀ gbà wá láyè láti lo tẹlifóònù, Táyé sì ti Ìgbó-Ọrà lọ jókòó tì í láti ìdájí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fún wa.

"Kẹ́hìndé?"

"Èmi ni."

"Kí lo wọ̀?"

Lásísì fọwọ́ lérí. Mo ní, "Síkẹ́ẹ̀tì dúdú, súwẹ́tà funfun. Ìwọ ńkọ́?"

"Àdìrẹ tí a jọ wọ̀ ní ọjọ́ tí o lọ. Ó ti ń ṣá."

"Tèmi náà ti ṣá."

Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ gé.

*

Ọdún keje ni a padà. Nǹkan bí oṣù kan kí a tó lọ, ìyàwó tuntun kan dé sí yàrá ìsàlẹ̀, ọmọ Èrúwà, Sìdí lórúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ alẹ́, kò sì tíì rówó ra kóòtù fún un. Ìyá onílé ti fi kóòtù ọkọ rẹ̀ fún un wọ̀ wọlé bó ṣe ṣe fún mi, ṣùgbọ́n kóòtù náà ti gbó, kòkòrò ti jẹ ẹ́ láti èjìká méjèèjì. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a ń lọ, Sìdí jáde wá sìn wá nínú atẹ́gùn pẹ̀lú bùbá, ìró àti sálúbàtà. Ó ń gbọ̀n, ó sì ń rẹ́rìn-ín kí n má baà mọ̀.

Ó ní, "Ẹ bá mi kí ilé o, ẹ̀gbọ́n mi."

Mo bọ́ kóòtù aláwọ̀ ewé, mo wọ̀ ọ́ sí i lọ́rùn, mo di bọ́tìnnì rẹ̀ dé òkè fún un bí ẹni ń múra fún ọmọ iléèwé. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló ń wọ kóòtù ní Ìgbó-Ọrà?

Nígbà tí ọkọ̀ wa ti Abẹ́òkúta wọlé, oòrùn wà ní àtàrí. Mo wọ bùbá àti ìró tuntun tí Táyé fi ránṣẹ́ sí mi, Wàsíù ń bọ́ súwẹ́tà tirẹ̀ sọ sílẹ̀. Àwọn ọmọdé ti kún iwájú agboolé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, kì í sì ṣe àwa ni wọ́n ń rín. Táyé ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, nínú kóòtù aláwọ̀ ewé, bọ́tìnnì rẹ̀ dí dé ọrùn. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀ dé àgbọ̀n. Wọ́n ní láti òwúrọ̀ ló ti wọ̀ ọ́, nítorí wọn kò mọ àkókò tí a óò dé.

A dì mọ́ra. Kóòtù náà gbóná bí ara ẹni tí ibà mú. Ìgbà tó fi mí sílẹ̀, ó wo ẹ̀yìn mi, ó wo ọwọ́ mi, ó wo inú ọkọ̀.

Ó ní, "Tìrẹ dà? Mo rò pé òun ni wàá wọ̀ wá. N kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé a kò bára mu."

Mo sọ fún un pé mo ti fi ta ẹnì kan lọ́rẹ. Ìyá wa tó jókòó lórí àpótí lábẹ́ ọ̀dán dìde. Ó ti darúgbó ju bí mo ṣe rò lọ. Ojú rẹ̀ ń lọ láti ara Táyé sí ara mi, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí a wà lọ́mọdé, mo sì rí ìbẹ̀rù kan náà níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni kò ní. Ó di etí kóòtù mú, ó fà á, kò ya. Ó gbé e sẹ́nu, eyín rẹ̀ kò gbà á mọ́.

Ó ní, "Ẹ bá mi mú sísọ́ọ̀sì wá."

Wọ́n mú un wá. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Táyé di ọwọ́ ìyá wa mú jẹ́jẹ́, ó kọjú sí mi.

"Ta lo fún?"

"Ọmọ Èrúwà kan. Kò tíì ju oṣù kan lọ tó débẹ̀. Bùbá ló wọ̀ jáde."

"Ṣé òtútù ń mú un?"

"Ó ń gbọ̀n, Táyé. Ó ń gbọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín."

Táyé bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè wá. Irú bùbá tó wà lọ́rùn mi gan-an ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti rin gbingbin. Ó bọ́ kóòtù náà, ó ká a síwájú ìyá wa.

Ó ní, "Ẹ má gé e, Ìyá. Kẹ́hìndé kò pàdánù nǹkan kan. Ìdòwú ló ń wọ tirẹ̀."

Ìyá wa wò ó. "Ìdòwú wo? Ṣé mo bí Ìdòwú ni?"

"Ẹni tó bá tẹ̀lé ìbejì, kí là ń pè é?"

Ìyá wa súnmọ́ mi pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ó wò mí. Ó fọwọ́ kan ọrùn mi, ó fọwọ́ kan iwájú orí mi bí ẹni tó ń wá ibà. Ara mi tutù. Ó wá fi sísọ́ọ̀sì fún ọmọ tó mú un wá, ó ní kó dá a padà síbi tó ti mú un.

Ó béèrè pé, "Ọmọ Èrúwà, àbí? Agboolé wo?"

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, lẹ́tà kan dé láti Lọ́ńdọ̀nù. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ náà sí Sìdí, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Kì í ṣe orúkọ mi ló wà lára àpòòwé náà, orúkọ Táyé ni. Táyé tú u, ó kà á sókè fún ìyá wa:

"Ẹ̀gbọ́n mi Táyé tí n kò tíì rí, ẹ kú ilé o. Lónìí, mo wọ síkẹ́ẹ̀tì dúdú, ìbọ̀sẹ̀ funfun, àti kóòtù wa. Ẹ bá mi sọ fún Ìyá pé òtútù kò mú Ìdòwú."